Orin Ìgbọ̀nwọ́

Bí ẹ bá dé ìlú Ìdóyè, tí ẹ sì bá àgbàlagbà kan níbi tó ti ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ẹ ò ní í pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: "Họ́ọ̀nù kì í gbe orin." Àlejò á dúró, á máa wojú. Ta ló ní kí họ́ọ̀nù wá gbe orin? Níbo ni wọ́n ti ń pe họ́ọ̀nù sí àárín ẹlẹ́gbè? Ọ̀rọ̀ náà jọ ẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ́ lóòótọ́. Inú ẹ̀rín la ti bí i. Ẹkún ló tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Òkè kan wà lẹ́yìn Ìdóyè tí wọ́n ń pè ní Òkè Afẹ́. Kì í ṣe òkè oko, kì í ṣe òkè àdúrà. Òkè ìgbafẹ́ ni. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ẹni tó ti oko dé á wẹ̀, á pàrọ̀ aṣọ, á mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Lókè pátápátá, àpáta kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Àwọn èèyàn á jókòó, wọ́n á máa wo páànù ìlú nísàlẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ó dùn. Ó dùn débi pé ẹni tó bá bínú gòkè kì í rántí ìbínú gbé sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà tó gòkè náà kò fẹ̀. Ẹsẹ̀ ló là á. Ní agbedeméjì, ó ká kọ́rọ́ bí apá ẹni tó fẹ́ họ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àpáta wà lọ́wọ́ kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jíjìn wà lọ́wọ́ kejì, ẹni méjì kò sì lè fara kọjá lára ara wọn níbẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà níhìn-ín kò lè rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Orin ni wọ́n fi ń ríran. Ẹni tó ń gòkè, bó bá kan Ìgbọ̀nwọ́, á dúró, á lé e:

"Ta ló ń bẹ ní Ìgbọ̀nwọ́ o?"

Bí ẹnì kan bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á gbè é:

"Èmi rè é o, máa rọra bọ̀."

Bí orin bá lọ tí ègbè kò bá bọ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà ṣófo nìyẹn. Ẹni tó lé orin á kó sí Ìgbọ̀nwọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ará Ìdóyè kì í kọrin kó má fi iyọ̀ sí i. Wọ́n á fi orúkọ sí i, wọ́n á fi yẹ̀yẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jẹ́ pé ègbè ìyàwó wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn rí ojú tán, wọ́n ní ì bá dára ká ní àwọn dúró lórí orin.

Àwọn obìnrin méjì kan wà ní Ìdóyè nígbà náà, Fadérera àti Ọlátóún. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wọn ní ìyàwó wọ̀lú. Awẹ́ ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn, bí awẹ́ obì méjì tó jáde nínú èso kan ṣoṣo. Fún bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń gba Òkè Afẹ́ lọ ṣeré. Fadérera ló máa ń yá lẹ́sẹ̀, Ọlátóún a máa pẹ́ dé nítorí ẹ̀pà tó ń sè. Bó bá pẹ́ jù, Fadérera á sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lórí àpáta á wá gbọ́ wọn ní Ìgbọ̀nwọ́:

"Ta ló ń bẹ ní Ìgbọ̀nwọ́ o, tó wú bí àkàrà?"

"Èmi rè é o, ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ, máa rọra bọ̀."

Àfi bí orúnkún Fadérera ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ké, ó wá ń wú, ó wá kọ òkè sílẹ̀ pátápátá. Ọdún méjì gbáko ni Fadérera kò fi gun Òkè Afẹ́. Ojú fèrèsé ló ti ń wò ó ní ìrọ̀lẹ́.

Àárín ọdún méjì yẹn ni ọ̀kadà dé orí òkè. Gàníyù, olórí àwọn ọlọ́kadà, ló kọ́kọ́ dán an wò, ló bá rí i pé ó ṣe é gùn. Láàárín oṣù kan, gbogbo wọn ti ń gbé èrò lọ gbafẹ́. Eruku sọ. Táyà gbẹ́ ọ̀nà títí ó fi dà bí ojú àgbàrá. Ẹlẹ́sẹ̀ á máa fò sínú koríko, ọlọ́kadà á máa kọjá fìrì. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gbé igi dí ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà gbé e kúrò. Èébú ń fò lọ, èébú ń fò bọ̀, títí Baálẹ̀ fi pe gbogbo wọn jọ.

Ọlátóún ló sọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀. "Bàbá, ẹsẹ̀ ló la ọ̀nà yẹn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹsẹ̀."

Gàníyù ṣí fìlà. "Ìyá mi, ọ̀nà gbogbo ìlú ni. Ta ló kọ orúkọ ẹsẹ̀ sára rẹ̀? Táyà tèmi náà, ọmọ Ìdóyè ni."

"Ọmọ Ìdóyè ni táyà rẹ? Ta ni bàbá rẹ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ mi orí. Ó ti hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ sí. Ìgbà náà ni Fadérera gbé ọwọ́ lé orúnkún, tó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Àwọn tó ní orúnkún ló ń jà fún ẹsẹ̀. Àwa tí orúnkún wa ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ńkọ́? Ọdún méjì rè é, ojú fèrèsé ni mo ti ń kí òkè yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé wa lọ."

Ọlátóún yí ọrùn wò ó. "Awẹ́, ìwọ náà?"

"Èmi náà, Awẹ́. Orúnkún mi ló kú, ọkàn mi ò kú."

Ọlátóún yíjú sí Gàníyù. Ó ní, "Ó dáa. Ìgbọ̀nwọ́ wá ńkọ́? Bí ẹni tó ń gòkè bá lé orin, ta ni yóò máa gbè é?"

"Họ́ọ̀nù á gbè é, Ìyá mi," ni Gàníyù wí.

Háà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ikùn Baálẹ̀ ń mì. Fadérera rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọlátóún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ni Baálẹ̀ ti dá ẹjọ́: ẹlẹ́sẹ̀ àti ọ̀kadà ni yóò jọ máa lo ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá kan Ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tẹ họ́ọ̀nù.

Báyìí ni Fadérera ṣe padà rí Òkè Afẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Gàníyù ń gbé e. Ìgbà tó kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ lé àpáta yẹn, ó nawọ́ sókè, ó jó díẹ̀, orúnkún kò sì rí i bá wí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ọ̀kadà kì í dúró pẹ́ lókè, èrò mìíràn ń dúró de Gàníyù nísàlẹ̀. Nígbà tí Ọlátóún bá máa fi ẹsẹ̀ dé, Fadérera á ti lọ. Òkè kan náà ni wọ́n ń gùn, wọn kò pàdé. Bí wọ́n bá pàdé ní àdúgbò, wọ́n á kí ara wọn dáadáa, wọ́n á béèrè ọmọ. Ọ̀rọ̀ òkè kò ní wáyé. Ó wuwo lọ́kàn Fadérera. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ bá Awẹ́ lọ́la, ọ̀la á sì di ọ̀tunla.

Ọlátóún ló kọ́kọ́ gbọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó tètè se ẹ̀pà, ó di í sínú ewé, ó tètè jáde nílé kó lè bá Awẹ́ rẹ̀ lórí àpáta.

Ní àkókò yẹn gan-an, Gàníyù ti ń gbé Fadérera sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà, bí wọ́n bá ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ bọ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà jó, ọ̀kadà á wá máa yọ́ bọ̀ fúnra rẹ̀ láìpariwo. Gàníyù pa á. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń súfèé létí Fadérera. Inú afẹ́fẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn àpáta:

"Ta ló ń bẹ ní Ìgbọ̀nwọ́ o?"

Kò sí ohùn mìíràn tó jọ ohùn yẹn láyé. Fadérera la ẹnu. Ègbè ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wá fi ojú inú rí ara rẹ̀ lórí ọ̀kadà bí ìyá ọlọ́lá, ó rí Awẹ́ rẹ̀ nínú eruku, lórí ẹsẹ̀, ojú sì tì í. Ó wo àtàǹpàkò Gàníyù tó ti wà lórí họ́ọ̀nù. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé họ́ọ̀nù á gbè é. Ó pa ẹnu dé.

Orin náà tún wá lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún pa ẹnu dé.

Ọlátóún dúró. Kò gbọ́ ègbè. Ó kó sí Ìgbọ̀nwọ́.

Gàníyù, tí afẹ́fẹ́ ti dí létí níwájú, kan Ìgbọ̀nwọ́, ó tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, píìmù, píìmù, píìmù, bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ gẹ́lẹ́, òun náà sì kó sí i. Ibi tí apá ti ká gan-an ni wọ́n ti pàdé Ọlátóún. Gàníyù fún bíréèkì, ọ̀kadà fi ìhà gbá àpáta, ó dúró. Ọlátóún ti sún sẹ́yìn kó lè fún wọn láyè. Àyè tó sún sí, ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò kú. Gàníyù fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a nínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó pọ̀n ọ́n gòkè, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Itan Ọlátóún ló ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ó sì kúrú ju èkejì lọ. Fadérera kò rántí bí òun ṣe dé ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀pà tó fọ́n ká ojú ọ̀nà ló rántí, ó gbóná síbẹ̀, ó pọ̀ ju ohun tí ènìyàn kan lè jẹ tán.

Baálẹ̀ tún pè wọ́n jọ. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ bi àwọn tó wà lórí òkè." Àwọn tó wà lórí òkè ní àwọn gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀bi kankan dì mọ́ ọn lọ́rùn. Fadérera jókòó sáàárín wọn, ó mọ ibi tí ẹ̀bi wà, kò sì lè gbé ahọ́n rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ló fi gbé e pamọ́. Lọ́jọ́ tí Ọlátóún kọ́kọ́ fi ọ̀pá jáde sí ìta ilé rẹ̀, Fadérera lọ bá a, ó jókòó tì í lórí àpótí.

"Awẹ́, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn."

"O gbọ́ kí ni?"

"Orin rẹ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo ti la ẹnu. Ojú ló tì mí, pé o máa bá mi lórí ọ̀kadà. Mo ní họ́ọ̀nù á gbè é."

Ọlátóún fi ọwọ́ ra itan rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Mo dúró o," ló wí. "Mo rò pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, Awẹ́."

"Ọ̀kadà ló wà níbẹ̀." Kò jágbe, kò bínú. Ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ. "Mo béèrè lọ́wọ́ yín níwájú Baálẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín. Orin ń béèrè bóyá èèyàn ń bẹ. Họ́ọ̀nù kò béèrè nǹkan kan, pé òun ń bọ̀ ló ń wí. Họ́ọ̀nù kì í gbe orin."

Fadérera tọ Baálẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìlú. Wọ́n ri òpó mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀kadà kò gbà á mọ́. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò àwọn òpó náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ ọ̀kadà í gùn lọ kò padà fi ẹsẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ púpọ̀, ẹni tó bá lé orin ní Ìgbọ̀nwọ́ kì í gbọ́ ègbè, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni lókè lóòótọ́.

Awẹ́ méjèèjì ṣì jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ọlátóún dárí jì í, ó sì tún ń pè é ní àkàrà. Ohun kan ló kù. Bí wọ́n bá wà níbi tí orin ti dùn, tí ó kan Ọlátóún láti lé e, á mi orí, á ní kí ẹlòmíràn máa lé e lọ. Títí ó fi relé àgbà, kò lé orin sí etí Fadérera mọ́. Fadérera náà kò bẹ̀ ẹ́. Kí ni yóò fi bẹ̀ ẹ́?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Ìdóyè, bí ìyá bá ránṣẹ́ pé ojú ọmọ ni òun fẹ́ rí, tí ọmọ wá di ẹrù iṣu ránṣẹ́ sílé dípò ara rẹ̀, tàbí bí ọ̀rẹ́ bá pe ọ̀rẹ́ nínú wàhálà, tí èkejì sì gbọ́, tó wá rò ó pé nǹkan mìíràn á dá a lóhùn, àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní ẹnu tìrẹ ni wọ́n ń retí. Họ́ọ̀nù kì í gbe orin.