Ọkọ̀ Tó Gúnlẹ̀ sí Ẹ̀yìn Erinmi

Omíyalé ló máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tó bá wá wo ẹranko gba odò inú aginjù. Bó ṣe ń tukọ̀ ni yóò máa fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó, kó, kó, kí erinmi tó wà nísàlẹ̀ lè gbọ́, kó yà.

Lọ́jọ́ tó gbé ìyá ìyàwó rẹ̀, màmá ní, "Ariwo yìí ń lé àwọn ẹyẹ tí mo wá wò." Ta ló jẹ́ bá àna rẹ̀ jiyàn? Omíyalé dáwọ́ dúró.

Lójijì ọkọ̀ gbá nǹkan, ó dúró gbagidi láàárín omi. Nǹkan ọ̀hún mí fìn-ìn lábẹ́ wọn. Màmá fẹ́ dìde.

"Ẹ má mira, Ìyá wa! Ẹ̀yìn erinmi la wà. Adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Tó bá fi lè ta pẹ́nrẹ́n, a ti dojú dé."

Wọ́n jókòó bí ère, òógùn bò wọ́n. Nígbà tó yá, ẹranko náà rọra rì, ọkọ̀ sì bọ́ sórí omi padà.

"O mọ̀ pé èyí lè ṣẹlẹ̀, o sì dákẹ́?"

"Àna mi lẹ jẹ́, mà."

"Ọmọ mi ìbá sì sọ ọkọ àti ìyá nù lọ́jọ́ kan náà nítorí ọ̀wọ̀!"

Màmá bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ń fi kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí wọ́n fi dé èbúté.