Ẹni Kọkànlélógójì Lẹ́nu Ọ̀nà

"Bí a bá ka òkú tán, ká yọjú wo ẹnu ọ̀nà." Ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ àwọn òkú tí wọ́n kà, tàbí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n yọjú wò? Bí Ìyá Ṣíjú ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ọkọ rẹ̀, Tísà Fágbàmígbé, lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú màlúù ní Dẹ́ńmáàkì nígbà èwe rẹ̀. Kàrẹ́nì, ìyá àgbà tó gbà á sílé níbẹ̀, ló sọ ìtàn ogun ọdún 1864 fún un, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọkùnrin mọ́kànlélógójì ló ti abúlé Kàrẹ́nì lọ sínú odi kan. Ogójì kú síbẹ̀. Orúkọ wọn wà lára òkúta ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan tó kù, Yẹ́ǹsì, àbúrò bàbá Kàrẹ́nì, ni wọ́n ní ó sá lógun, torí wọn ò rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí Tísà padà wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ ìwé nípa ogun náà. Kàrẹ́nì kó àwọn ìwé àtijọ́ inú odi náà ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú létà kúkúrú: "Bí Yẹ́ǹsì bá sá, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sá, jẹ́ kí n gbọ́ kí n tó kú."

Tísà ò mọ bí a ti ń ka ènìyàn láìpe rẹ́jísítà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń pe àwọn ọmọ ogun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá wọn dáhùn: "Ó kú."

"Bàbá Ṣíjú, a kì í pe òkú bẹ́ẹ̀ yẹn o," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ilé ìdáná. "Bí ẹnìkan bá jẹ́ yín ńkọ́?"

"Òyìnbó ni wọ́n. Wọn ò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà."

"Ẹ̀yin náà ò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn kí ẹ tó débẹ̀."

Tísà rẹ́rìn-ín. Ó pè wọ́n títí wọ́n fi pé ogójì. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "Yẹ́ǹsì sá lógun." Kó tó fi àmì ìdánudúró sí i, nǹkan kan mí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ti dúró pẹ́. Òtútù wọ pálọ̀. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ jẹ́jẹ́, ní èdè Dẹ́ńmáàkì: "Mo wà níbí."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Kò sí ènìyàn. Ipa bàtà méjì ló wà lórí sìmẹ́ǹtì, ó tutù, amọ̀ rẹ̀ rí bí eérú. Ilẹ̀ pupa ni tiwa, òjò ò sì rọ̀ láti oṣù méjì. Kò sí ipa wíwá, kò sí ti lílọ.

Ìyá Ṣíjú bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí. "Bàbá Ṣíjú, gìgísẹ̀ ló kọjú sílé, imú bàtà kọjú síta. Ẹni tó ń sá kì í dúró báyìí. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́nà ló ń dúró báyìí."

Tísà padà sídìí àwọn ìwé náà. Inú odi ni gbogbo àwọn tó ti ń pè wà; kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá rí i pé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nípọn ju ìyókù lọ. Ọ̀rinrin ló ti lẹ méjì pọ̀. Ó fi ọ̀bẹ là á díẹ̀díẹ̀. Ìlà kan péré ni ọ̀gá wọn kọ síbẹ̀: òun fi Yẹ́ǹsì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìbọn àgbá àwọn ọ̀tá ti wó ẹnu ọ̀nà náà lé e lórí.

Tísà fa igi lé ohun tó kọ. Ó dìde, ó pe, "Yẹ́ǹsì." Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn: "Ó dúró."

Létà Tísà bá Kàrẹ́nì láàyè. Èsì rẹ̀ ní wọ́n ti gbẹ́ orúkọ kọkànlélógójì sára òkúta. Ó wá bi Tísà léèrè ohun kan: irú ilẹ̀ wo ló wà lọ́dọ̀ yín? Ó ní òun rí ipa bàtà méjì lẹ́nu ọ̀nà òun. Erùpẹ̀ rẹ̀ pupa. Imú rẹ̀ kọjú sínú ilé.

Bí àwọn àgbà wa bá ń parí ẹjọ́ lónìí, tí wọ́n sì fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹni tí kò sí níjòókòó, ọ̀kan nínú wọn á nawọ́ sókè, á ní ẹ rọra o: bí a bá ka òkú tán, ká yọjú wo ẹnu ọ̀nà.