Ikán Tó Dá Iṣẹ́ Ìyá Aṣọ́dì Dúró

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wọ inú ògán, ó bá ikán kan tó ń jẹ́ Jíṣẹ́mi. Ẹ̀yin ọmọ, "Kàn án, Jíṣẹ́mi!" ni ègbè yín.

Ìyá Aṣọ́dì, àgbà ikán kan, ló ń ṣọ́ ògiri ògán. Ó fi orí dí ihò ara ògiri náà; orí rẹ̀ wà níta, kò lè yí i padà. Bí ohunkóhun bá fara kàn án, á fẹsẹ̀ gbún Jíṣẹ́mi nínú ilé, Jíṣẹ́mi á sì forí kan ilẹ̀ kí àwọn jagunjagun lè gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kíní, ìrẹ̀ ni. Kí jagunjagun tó dé, ó ti fò lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, alángbá ni; òun náà ti sá.

"Jíṣẹ́mi Aláriwo!" ni àwọn jagunjagun ń pè é, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Aṣọ́dì gbún un gidigidi.

"Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìjàlọ ni! Ṣé mo ní kí o wádìí ni?"

Ó fi orin sí i:

Ìjàlọ mà dé o,
*Kàn án, Jíṣẹ́mi!*
Wọ́n ti dé ọrùn mi o,
*Kàn án, Jíṣẹ́mi!*

Jíṣẹ́mi gbórí sókè, ó rántí ẹ̀sín, kò kàn án. Ìgbà tí orin dákẹ́ ló tó forí kanlẹ̀: gbì, gbì, gbì!

Àwọn jagunjagun lé ìjàlọ lọ, wọ́n gba àwọn ọmọ ikán là, ṣùgbọ́n ihò lásán ni wọ́n bá níbi tí Ìyá Aṣọ́dì wà.

"Ìgbà wo ló pè ọ́?" ni wọ́n bi Jíṣẹ́mi.



Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí a bá rán níṣẹ́, kó jẹ́ ẹ. Ẹ̀sín kò pa Jíṣẹ́mi. Ìdákẹ́ rẹ̀ ló pa Ìyá Aṣọ́dì.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ikán jẹ òpó ilé mi.