Bí Àwẹ̀ró Ṣe Sọ Ilẹ̀ Òkú Agogojá Di Ilé

Ẹ̀yin ọmọ Agogojá, ẹ súnmọ́ mi. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú rẹ̀ dó, àlejò ni nílé baba rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ló tẹ ìlú yìí dó, ọmọ a-pẹfọ̀n-má-fọ́nnu, afínjú ọdẹ tí í fi ewé nu ẹnu ìbọn. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìlú náà tú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ìlú Ìgbówú ni Ọdẹ́gbàmí ti gba ìgbàgbọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Jóṣúà. Nígbà tó kọ̀ láti bá wọn bọ ìbọn àwọn baba rẹ̀, ilé gbóná fún un. Olùkọ́ni arúgbó tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá gbé agogo irin kan lé e lórí, ó ní: "Máa lọ, Jóṣúà. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Níbi tí agogo yìí bá ti kọ̀ láti bá ọ lọ mọ́, ibẹ̀ ni kí o kọ́ ilé Olúwa sí."

Jóṣúà gbé agogo, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò, wọ́n fa Rúùtù ọmọ wọn lọ́wọ́, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n la odò kọjá, wọ́n gun òkè, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Àwẹ̀ró ò yéé béèrè pé, "Baba Rúùtù, ṣé kò tíì rẹ agogo yìí ni?" Ìgbà tí wọ́n dé ìdí igi ayan ńlá kan, òṣùká yẹ̀, agogo já bọ́, ó dún lala, gbogbo ẹyẹ ẹ̀gà tó wà lórí igi tú jáde. Jóṣúà kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ jókòó gẹlẹtẹ, nítorí ẹsẹ̀ ń ro ó. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ìlú yìí ní Agogojá.

Baálẹ̀ tó ni igbó náà kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré. Ó ní: "Ẹ máa gbé ibẹ̀. Àmọ́ àlejò tó bá ń gbé òkú rẹ̀ padà sílé kò tíì pinnu láti dúró. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kú nínú yín, tí ẹ sin ín síbí, ilẹ̀ di tiyín. Bí ẹ bá gbé e lọ, kí gbogbo yín tẹ̀ lé e lọ, tẹ̀yin tagogo yín." Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni.

Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀, wọ́n fi koríko bò ó. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀! Olùkọ́ni ránṣẹ́ pé onígbàgbọ́ kì í sin òkú sínú yàrá; kí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Láyé ìgbà náà, abẹ́ ilẹ̀ yàrá ara rẹ̀ ni ẹni iyì ń sùn, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè máa jẹun lórí rẹ̀. Ẹni tí ṣànpọ̀nná bá pa ni wọ́n ń sin sínú igbó. Bí kálukú ṣe ń sọ lábẹ́lẹ̀ nìyẹn pé, "Bí mo bá kú, ẹ gbé mi lọ sílé baba mi." Bí ẹnì kan bá wúkọ́ nínú ìsìn, gbogbo ìjọ á yíjú wò ó.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, àìsàn dá Jóṣúà wólẹ̀. Ó pe Àwẹ̀ró, ó ní, "Bí mo bá lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ sin mí sí."

"Inú igbó?" Àwẹ̀ró figbe ta. "Baba Rúùtù, kí lẹ jí? Ta lẹ pa?"

"Bí wọ́n bá gbé mi lọ, ìlú tú nìyẹn, Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró sunkún títí. Ó fẹ́ràn ìlú yìí, ó sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ìlú tú, kò sì fẹ́ kí wọ́n ju ọkọ òun sínú igbó bí ẹni ẹ̀tẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó nu ojú, ó mú ọkọ́. Ó ní, "Ilé wo ni wọ́n kọ́ láyé yìí tí kì í ṣe igbó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣán níbẹ̀?"

Ó kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n ṣán ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mọ ògiri yí i ká dé ìbàdí, wọ́n fi ẹnu ọ̀nà sí i, wọ́n pa ilẹ̀ rẹ̀ kó dán. Àwẹ̀ró gbé ààrò kalẹ̀, ó kó ìkòkò àti ẹní rẹ̀ wọbẹ̀.

"Oúnjẹ mi dà?" ni Jóṣúà béèrè.

"Ó wà nílé."

"Ilé wo?"

"Ilé yín tuntun. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ wá jẹ ẹ́."

Jóṣúà kùn, ó kùn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀bẹ iṣu gbígbóná tó bá níbẹ̀ ò jẹ́ kó bínú pẹ́. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ń ta sí i lára, àìsàn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí a ní kó wá kú sí, ibẹ̀ ló ti sanra! Ìkókó ń rá níbẹ̀, wọ́n ń parí ìjà níbẹ̀, wọ́n ń ta ayò níbẹ̀. Baálẹ̀ pàápàá wá ta ayò, wọ́n sì pa á láyò. Ó wò yíká, ó ní, "Ta ló wá kú?" Jóṣúà ní, "Ẹ rọra, Baálẹ̀, a ò kánjú."

Lẹ́yìn ìkórè mélòó kan, Jóṣúà sùn, kò jí mọ́. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú ọgbà ògiri náà. Kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ tán, Ọdẹ́làdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé láti Ìgbówú pẹ̀lú àwọn géńdé, ó ń pariwo bọ̀ lọ́nà: "A kì í sin ọmọ ọdẹ sínú igbó! Mo ń gbé àbúrò mi lọ sílé!" Àwọn kan nínú ìjọ ti ń di ẹrù, wọ́n ti ń tú okùn agogo.

Ọdẹ́làdé já dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí ilẹ̀ tí wọ́n gbá, ó rí iná lábẹ́ ìkòkò, ó rí obìnrin tó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ké pé, "Àgò onílé o!"

"Àgò yà o," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọkọ mi."

Àgbàlagbà kan láàárín àwọn tó bá Ọdẹ́làdé wá ló sọ̀rọ̀: "Ọdẹ́làdé, ṣé igbó lò ń kágò sí?"

Ọdẹ́làdé ṣí fìlà. Ó wo ààrò, ó wo ògiri, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní, "Ẹnu mi ló dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká sin àbúrò mi sínú ilé rẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló gba ọkọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀ náà parí. Lọ́jọ́ kan náà ni Baálẹ̀ fi agbè ẹmu ránṣẹ́ pé ilẹ̀ ti di ti Agogojá títí ayé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró mú ìgbálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbà wọlé láìbéèrè, ó dúró síbẹ̀. "Àgò onílé o," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dúró títí, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ó ní, "Ẹ má dìde, Baba Rúùtù. Èmi ni." Ó wọlé, ó gbálẹ̀.

Títí di òní, kò sí ọmọ Agogojá tó ń wọ ilẹ̀ òkú wa láì kágò. Bí alààyè bá wà nínú ibẹ̀, á dáhùn. Bí kò bá sí, ẹ dúró díẹ̀, ìwọ̀nba ìgbà tí arúgbó fi ń dìde lórí ẹní, kí ẹ tó wọlé.