Ìkarahun Ìgbín Àwẹ̀ró

Ebi ti ń na Ìdó-Àràbà fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé Àwẹ̀ró wà láyé. Ogun ló dó ti ìlú. Ọ̀gágun kan tí gbogbo ayé ń pè ní Gbógunbọ̀ ló kó ogun náà wá. Ó dí ọ̀nà oko, ó dí ọ̀nà odò, ó ní kí àwọn baba wa kó igba ọmọ wá fún òun kí òun lọ tà wọ́n, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á máa wò wọ́n títí ebi á fi pa wọ́n tán. Wọ́n jẹ eku, wọ́n jẹ alángbá, wọ́n se awọ bàtà jẹ. Ní àràárọ̀, bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, Gbógunbọ̀ á jókòó lórí àpótí lábẹ́ agboòrùn pupa, níbi tó mọ̀ pé ọta ìbọn ìlú kò lè dé, á sì máa jẹun lójú wọn. Iyán ló ń jẹ. Àwọn ọmọdé á máa wò ó láti orí odi, wọ́n á máa sunkún. Mi ò tíì gbọ́ ìkà tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn tó ń sọ ìtàn ìlú wa lónìí máa ń ní àwọn ọdẹ ló gbà wá. Irọ́ ni. Èmi á sọ bó ṣe rí, ẹni tí kò bá sì dùn mọ́ nínú kó dìde. Àwẹ̀ró ló gbà wá, Àwẹ̀ró ọmọ Ọdẹ́wọlé, ọmọ a-yìn-ín-lẹ́ẹ̀kan-má-tún-un-yìn, ọmọ a-dijú-kan-rí-ọ̀nà-jíjìn. Ọdẹ́wọlé kò bí ọmọkùnrin. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ yìí lọ sígbó, ó ní ó ń bá òun ru ẹran bọ̀. Ọdún mẹ́fà ni gbogbo ìlú fi ń ki Ọdẹ́wọlé pé ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé, bẹ́ẹ̀ kò sì lè dá ewúrẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ajá mọ́. Àwẹ̀ró ló ń bá a yìnbọn. Ìbọn ṣakabùlà kan báyìí ni, ó gùn ju ènìyàn lọ, ẹnu rẹ̀ tóóró. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ni bàbá sọ ọ́. Ẹ̀kún ìkarahun ìgbín kékeré kan ni ẹ̀tù tí ìbọn náà ń gbà. Bí ẹ̀tù bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọta á ṣìnà. Bàbá àti ọmọ nìkan ló mọ èyí.

Ibà pa Ọdẹ́wọlé nígbà tí ogun ṣì wà lẹ́yìn odi. Ní ìlú wa, obìnrin kì í jogún ìbọn. Àbúrò òkú tó jẹ́ ọkùnrin ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni Ògúnṣìjí, àbúrò Ọdẹ́wọlé, tó jẹ́ olórí ọdẹ, ṣe wọlé tó gbé Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ kúrò lára ògiri, tí Àwẹ̀ró ń wò ó. Ó gun orí odi lọ. Ẹ sì mọ àwọn ọdẹ wa: ìbọn tí kò bá dún kí ilẹ̀ mì, wọn kì í kà á kún ìbọn. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀tù ló rọ sí i. Ìbọn dún, odi mì, ọta lọ bọ́ sínú oko ẹ̀gúsí. Gbógunbọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gé òkèlè mìíràn.

Ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́jà, ọba ìlú wa.

“Kábíyèsí, ẹ bá mi gba ìbọn bàbá mi. Màá mú ọkùnrin yẹn balẹ̀.”

Ògúnṣìjí ní, “Obìnrin wo ló ń yìnbọn?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹfọ̀n tí ẹ fi ṣe àlejò níbi òkú ìyá yín, ta lẹ rò pé ó pa á?”

Ọlọ́jà, tí ebi ti sọ ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín, wá sọ̀rọ̀. “Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Kí lo fẹ́ gbà?”

“Mi ò fẹ́ ilẹ̀, mi ò fẹ́ oyè. Ìbọn yìí ni mo fẹ́. Bí mo bá pa á, kí ìbọn di tèmi àti ti àwọn ọmọ tí mo bá bí, kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí léèrè rẹ̀ mọ́.”

Wọ́n gbé irin Ògún wá kí wọ́n fi búra. Ọlọ́jà fẹnu kàn án, Ògúnṣìjí fẹnu kàn án, gbogbo ọdẹ tó wà níjókòó fẹnu kàn án.

Àwẹ̀ró gun àràbà ńlá ẹ̀gbẹ́ odi. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó lórí rẹ̀ tí kò yìnbọn, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n ń bú u: ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ewé ló ń wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ewé kankan kò mì. Gbógunbọ̀ jókòó, ó bu iyán, òkèlè kò dé ẹnu rẹ̀. Ìbọn náà kò tilẹ̀ dún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìlú kò gbọ́ ọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ogun ti tú ká, àwọn ọmọ sì ti ń ṣa àjẹkù iyán nínú bùdó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà, nígbà tí ikùn ti yó díẹ̀, Ògúnṣìjí àti àwọn ọdẹ wá sí ilé Àwẹ̀ró, Ọlọ́jà bá wọn wá.

“Ọwọ́ rẹ la rí,” Ògúnṣìjí wí, “ṣùgbọ́n ẹ̀mí bàbá rẹ ló yìn ín. Òun la búra fún. Òun sì ti kú, èmi ni mo ni ogún rẹ̀.”

Àwẹ̀ró kọjú sí Ọlọ́jà. “Kábíyèsí, ẹnu yín kan irin.”

Ọlọ́jà ń wo ilẹ̀. “Ọmọ mi, a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í.”

Ó dùn mí títí dòní pé òwe rere ni ọkùnrin yẹn fi ṣe iṣẹ́ ibi. Àwẹ̀ró wọlé, ó gbé ìbọn náà jáde. Ó fi ìka kan ìdí rẹ̀. “Ẹ wò ó, ó ti sán níbí látọjọ́ tí ẹ̀yin ti rọ ẹ̀tù yẹn sí i. Bí ẹ bá máa yìn ín, ìwọ̀nba ẹ̀tù ni kí ẹ fi sí i. Mo ní òṣùwọ̀n rẹ̀, ìkarahun ìgbín yìí ni.”

“Obìnrin kì í kọ́ mi ní ìbọn,” Ògúnṣìjí wí, ó sì gbé e lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun, ó rọ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí i kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Ìbọn bẹ́. Ó gé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún dànù, kò sì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ láyé. Wọ́n ní Àwẹ̀ró ló ṣépè fún ìbọn.

“Mi ò ṣépè,” Àwẹ̀ró wí. “Ẹ̀tù ló pọ̀ jù. Mo sọ fún un.”

Wọ́n lé e jáde nínú ìlú tó gbà là. Oko ló kú sí, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì ló sin ín.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọdẹ tó ń fi ọwọ́ bu ẹ̀tù ní Ìdó-Àràbà. Ìkarahun ìgbín ni gbogbo wọn ń lò. Lọ́dọọdún, wọ́n ń yìnbọn nígbà méje lábẹ́ àràbà, wọ́n ń ki Àwẹ̀ró. Ìkarahun tirẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ mi, ìyá mi ló fún mi, ìyá rẹ̀ ló fún un. Olórí ọdẹ ló máa ń wá yá a lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó gbé e fún un. Bó bá ti gbà á tán, á ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé kí ẹ tilẹ̀kùn. Obìnrin kì í rí ìbọn lónìí.” Mo máa ń wọlé. Màá jókòó sórí ẹní, màá máa ka ìró ìbọn títí á fi pé méje, kí wọ́n tó wá dá ìkarahun mi padà.