Igbá Omi Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ta ni kò mọ òwe yìí nínú wa? Ọmọ tí kò tíì re ilé ìwé pàápàá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló kọ́kọ́ dákẹ́, kí sì ni ọ̀rọ̀ tó bá a dákẹ́? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fara balẹ̀. Ahunṣọ kan ni, ọtí ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àdìgún ni orúkọ rẹ̀, ará ìlú Ìgbó-Àràbà. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń mu ẹmu tẹ́lẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè jókòó sídìí òfì láàárọ̀ àfi bó bá kọ́kọ́ mu ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òwú á sì máa já. Ó fi orí bàbá rẹ̀ búra pé òun kò ní í mu ún mọ́, ó fi orí ìyá rẹ̀ búra; kò sí ìbúra tó pé ọjọ́ mẹ́ta nínú wọn.

Ọdún márùn-ún ni Ayọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, fi fara dà á. Ọjọ́ tí Àdìgún mutí yó, tó gbàgbé Ìbídùn, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́rin, sí etídò, ni sùúrù obìnrin náà tán.

“Bàbá Ìbídùn,” ó ní, “mo gbọ́ pé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí máa ń péjọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹ lọ bá wọn. Ọjà mẹ́rin ni mo fún yín. Bí nǹkan ò bá yí padà, èmi àti ọmọ mi ń lọ sílé bàbá mi.”

Ẹ má fi orúkọ ìyá náà rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ló ti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fọ́ ìkòkò ọtí rẹ̀. Orúkọ ni kò rí fọ́.

Ní Ìgbó-Àràbà nígbà náà, a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá. A ó fún un lómi, a ó sì dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ ọ́. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Igbá omi kan ni wọ́n ń gbé yípo. Ẹni tó bá kàn á sọ bí òun àti ọtí ṣe jà láti ọjà tó kọjá, á mu omi, á gbé igbá fún ẹlòmíràn.

Lọ́jà àkọ́kọ́, Àdìgún gbé iṣu mẹ́ta dání. Nígbà tí igbá kàn án, ojú tì í. “Mo ní kí n wá kí yín ni,” ló sọ, ó sì mu omi. Wọ́n dúpẹ́ iṣu. Lọ́jà kejì, ó bá wọn tún ọgbà ṣe. Lọ́jà kẹta, ó kí wọn tìyàwó tọmọ, débi pé Bámgbélù alágbẹ̀dẹ, tí òun náà ń jà láti bọ́ lọ́wọ́ ọtí, ń yìn ín pé ọmọlúwàbí gidi ni. Àdìgún bínú dé ọ̀nà ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti lọ, wọn kò ṣe nǹkan kan fún òun! Ó bá yà sọ́dọ̀ adẹ́mu.

Láàárọ̀ ọjà kẹrin, ó bá ẹrù Ayọ̀ká ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Ìbídùn jókòó lé e.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń bọ̀?” ọmọ náà bi í.

Eré ni Àdìgún sá dé ẹ̀yìnkùlé, igbá kò sì tíì kàn án tó fi gbà á lọ́wọ́ Bámgbélù. Omi inú rẹ̀ dà sí i láyà.

“Ẹ gbà mí. Kì í ṣe ìkíni ni mo bá wá, ọtí ni. Mo mu ún lánàá. Mo gbàgbé ọmọ mi sí etídò nítorí rẹ̀. Mi ò lè dá a fi sílẹ̀.”

Ìyá Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nu omi kúrò láyà rẹ̀.

“Òórùn ẹmu ti tú àṣírí rẹ fún wa láti ọjà àkọ́kọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n òórùn kò lè bá ọ bẹ̀ wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. O ti wá sọ̀rọ̀ báyìí. Bámgbélù, dìde, ká sìn ín délé.”

Àdìgún sunkún, kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ara ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Nígbà tí Ayọ̀ká rí i láàárín àwọn méjèèjì, ó gbé ẹrù padà sínú yàrá, ṣùgbọ́n kò tú u. Láti ọjọ́ náà, bí òùngbẹ ọtí bá ti gbé Àdìgún, ilé arọ tí Bámgbélù ti ń rọ irin ló ń sá lọ, á máa fin ẹwìrì síná títí òùngbẹ náà yóò fi lọ. Ó tún padà sídìí ọtí lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ sọ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Lọ́jà kẹwàá lẹ́yìn èyí, ó dé láti ìdí òfì, ó bá Ayọ̀ká níbi tó ti ń sá aṣọ sóòrùn, ó ti tú ẹrù rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tí nǹkan ń jẹ lábẹ́ aṣọ, tó ń sọ pé àlàáfíà lòun wà. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, má rò pé wọ́n ń bá ọ wí. Igbá omi ló kàn ọ́. Wọ́n ń dúró kí o sọ̀rọ̀ ni.