Ìdí Tí Òbíríkítí Kékeré Fi Ń Yí Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, kí ọ̀rọ̀ tó ń rìn lójú òfurufú tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa". Ẹ má bi mí bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ayé àtijọ́ o. Etí ni mo ní kí ẹ yá mi, n ò tíì béèrè ẹnu.

Nínú ilé Màmá Àdùnọlá, Ìyá Àpótí ló ń gbé ní pálọ̀. Òun ni àpótí Wáífáì, dúdú bí ìdí ìkòkò, pẹ̀lú ìwo méjì lórí. Alágbèéká, kọ̀ǹpútà tí Màmá ń lò, ń gbé lórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn. Ayára, ọmọ Ìyá Àpótí, ló ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán láàárín àwọn méjèèjì.

Ayára yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀! Ògiri mẹ́ta ló wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n inú ikùn wọn ló máa ń gbà kọjá bí ìgbà téèyàn ń gba ẹnu ọ̀nà. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti dé. Kò sì kí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ògiri á ní ọmọdé ni, yóò gbọ́n tó bá yá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, inú Alágbèéká ń dùn débi pé kò lè fara balẹ̀. Ìbídùn, ọmọ Màmá tó ń gbé òkè òkun, ti bímọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń wojú Olúwa. Ọjọ́ ìkómọ nìyí! Ìbídùn sì ti ní kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ pe ọmọ òun lórúkọ, àfi ìyá òun. Orúkọ náà wà lẹ́nu Màmá, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan. Àwọn àgbà ilé ọkọ ti jókòó sí ọ̀hún, wọ́n ti gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀. Inú Alágbèéká ni orúkọ máa gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Alágbèéká pariwo sí Ayára. "Ayára! Òní lọjọ́! Sáré o! Má wo ọ̀tún, má wo òsì, má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lọ́nà!"

"Kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn?"

"Ẹnikẹ́ni! Bó jẹ́ ọba ni!"

Ayára ki eré mọ́lẹ̀, ó gbé àwòrán ọmọ lọ́wọ́. Bó ṣe kan Bàbá Ògiri ní pálọ̀, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ògiri ilé, bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Inú tiẹ̀ náà ń dùn sí ọmọ tuntun.

"Ayára, ọmọ mi, ṣé o jí ire? Kú oríire o."

Fìà! Ayára ti kọjá. Ó tiẹ̀ gbọn ọ̀dà díẹ̀ dànù lára bàbá.

Háà! Àgbà kí ọmọdé, ọmọdé ò dáhùn! Ojú ti Bàbá Ògiri, inú sì bí i gidigidi. Ó ké sí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì: "Ẹ di ara yín!" Ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sé èémí, wọ́n le gbagidi.

Ayára ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, ó gbé ohùn Màmá lórí, ó ń padà lọ sí pálọ̀. Ó forí sọ ògiri, gbì! Ó ṣubú yakata.

Lójú Alágbèéká, àwòrán Ìbídùn gan. Ẹnu rẹ̀ là, kò padé. Ohùn rẹ̀ gé sí méjì: "Màmá, a ò gb..." Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Màmá dìde, ó tún jókòó. "Ìbídùn! Ìbídùn mi! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀.

Ẹ wá wo bí Alágbèéká ṣe ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi lé lórí! Ó kọ́kọ́ pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n: "Ìwọ lò ń fa dátà mu bí ẹni ń mu ògì!" Tẹlifíṣọ̀n ní òun ń sùn jẹ́jẹ́ òun, wọn ò tíì tan òun láti àná. Ó yíjú sí fóònù Màmá. Fóònù ní iná ti tán lára òun, òun ò tiẹ̀ lè gbápá. Alágbèéká wá wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun ṣí ojú ìwé rẹpẹtẹ sílẹ̀: ìròyìn, eré, bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ìlú ibòmíràn. Ó pa gbogbo wọn dé. Pàbó! Ó pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀. Pàbó náà ni!

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ẹkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ayára, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni o! Wọ́n ti ti ara wọn mọ́ mi! Bàbá Ògiri kí mi, mi ò dáhùn. Ìwọ lo ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn!"

Ara Alágbèéká tutù wọ̀ọ̀. Àṣé ẹni tó ń wá olè kiri gan-an ni olè! Kò ṣe agídí rárá.

"Bàbá Ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo rán an níṣẹ́ àìmọ̀kan. Ọmọ kan ń retí orúkọ."

"Ta ló ń gbé òrùlé yìí dúró?" ni Bàbá Ògiri fi dá a lóhùn. "Ta ni kì í jẹ́ kí òjò pa yín? Mo ní ṣé ọmọ jí ire, ọmọ gbọn ọ̀dà ara mi dànù!"

"Ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe, Bàbá."

"Ó dáa. Láti òní lọ, ògiri yòówù tí Ayára bá pàdé, nínú ilé yìí tàbí ilé mìíràn, yóò dọ̀bálẹ̀ fún un. Yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò kí i dáadáa kó tó kọjá."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà!"

Ayára dọ̀bálẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ àgbà: Bàbá Ògiri ní ìyá rẹ̀ ńkọ́, ara rẹ̀ ńkọ́, ọyẹ́ tó mú lánàá ńkọ́? Lẹ́yìn tiẹ̀, ó tún ku àwọn àbúrò. Ní gbogbo àkókò yẹn, òbíríkítí kékeré kan ń yí lójú Alágbèéká, ó ń yí, ó ń yí. Ìbídùn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gan. Ó tún sọ díẹ̀, ó tún gan.

"Màmá, àwọn àgbà ti... wọ́n ní kí ẹlòmíràn... sọ ọ́ lórúkọ..."

Kí ẹlòmíràn kẹ̀! Alágbèéká ronú títí ara rẹ̀ fi gbóná, ó sì kígbe: "Bàbá, ìbéèrè kan ṣoṣo! Ẹni téèyàn ò bá pàdé lọ́nà ńkọ́? Ṣé dandan ni kó kí i?"

Bàbá Ògiri rẹ́rìn-ín títí òrùlé fi mì. "Ta ló ń kí ẹni tí kò bá pàdé? Lọ jàre!"

"Màmá! Màmá, ẹ gbé mi! Ẹ gbé mi lọ síwájú Ìyá Àpótí!"

Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀, èèyàn sì ń gbọ́. Màmá ò béèrè ìdí. Ó sán aṣọ mọ́dìí, ó gbé Alágbèéká mọ́yà bí ọmọ tuntun, ó di eré! Síbẹ̀, bó ṣe ń kọjá lára Bàbá Ògiri, ó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá."

Wọ́n dé pálọ̀. Kò sí ògiri kankan láàárín mọ́! Ayára fò fẹ̀ẹ̀, ó ti dé. Ojú Ìbídùn mọ́ kedere. Ojú ọmọ náà hàn, ó ń yán. Màmá na ọwọ́ sí i.

"Ọ̀nàọlápọ̀! Ọ̀nàọlápọ̀ ọmọ mi, káàbọ̀!"

Orúkọ ti dé òkè òkun kí Màmá tó pa ẹnu dé. Gbogbo ilé ọkọ hó yèè, ọmọ náà sì lajú. Màmá sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó jó.

Láti ọjọ́ náà ni òbíríkítí kékeré ti máa ń yí lójú kọ̀ǹpútà tí ògiri bá pọ̀ láàárín òun àti àpótí Wáífáì. Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn èèyàn ti ń gbé kọ̀ǹpútà kiri inú ilé, tí wọ́n ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa yá. Bí tiyín bá ń yí, ẹ má lù ú, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ayára ló ń kí àgbà. Ẹ gbé e sún mọ́ Ìyá Àpótí, kí ẹ sì fọwọ́ kan ògiri bí ẹ bá ń kọjá lọ, kí ẹ ní, "Ẹ kú ìdúró, Bàbá." Ẹ ò mọ̀ bóyá ọmọ kan ń retí orúkọ rẹ̀ ní òdì kejì.